Ẹpìyà Inú Àmù Ìbíyẹmí

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi eré sílẹ̀ ná, kí ẹ wá jókòó síbí. Ẹ súnmọ́ra dáadáa, kí orúnkún kan orúnkún, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pariwo sọ. Ìwọ tí ò ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn, pín in kárí tàbí kí o jẹ ẹ́ tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Etídò.

Ìlú apẹja ni Etídò, ẹsẹ̀ ọ̀sà gan-an ló wà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ìbíyẹmí, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ́fín ti pọ́n ọn lójú títí, débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ẹkún ló ń sun ní gbogbo ìgbà. Àbí ta ló tilẹ̀ mọ̀, bóyá ẹkún náà ló ń sun. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ó sì ti sin mẹ́ta. Ọmọ́yẹni nìkan ló kù, arẹwà ọmọ, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ pọ̀n, òun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Kò sí ẹni tó wá a wá. Àwọn ará ìlú a máa sọ ọ́ láìsọ ọ́ síta pé, ilé tí ikú mọ ojúlé rẹ̀ báyẹn, ta ni yóò lọ mú ìyàwó níbẹ̀?

Àfi bí ọmọ ọdẹ kan ṣe ti Ìgbóyè lókè wá ra ẹja, tó rí Ọmọ́yẹni, tí kò sì lè sùn mọ́. Ó ránṣẹ́, ó tún ránṣẹ́. Ní ìkẹyìn, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá mú ìyàwó. Inú Ìbíyẹmí dùn títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ àṣà Etídò o. Bí àna bá ń bọ̀, ilé ìyàwó á ti kó ẹja ààyè sínú àmù ńlá kan ní àárín àgbàlá ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Àwọn àna á dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á bá wọn ṣe àìsùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, olúkúlùkù àlejò á mú ẹja kan sínú igbá omi, wọ́n á gbé e lọ sínú odò tiwọn. Bí ẹja bá ṣe yè dé ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó àti ọmọ tí yóò bí yóò ṣe yè. Ẹ wá rò ó wò bí ẹja yẹn ṣe máa jẹ́ lójú obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta.

Akínbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Ìbíyẹmí, ló kó ẹja wá. Apẹja tó mọ omi bí ẹni mọ yàrá rẹ̀ ni. Ẹpìyà ló kó, àwọn tó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwo, tí ara wọn ń dán. Kí ó tó da ọ̀kan sínú àmù, ó kọ́kọ́ fi akèrègbè wọn omi inú rẹ̀. Akèrègbè mẹ́jọ ni.

Ó ní, "Ẹja kan, akèrègbè kan. Akèrègbè kẹjọ, ti èémí ni. Méje ni àlejò, méje ni ẹja. Ìbíyẹmí, má fi ẹyọ kan lé e."

"Ẹ̀gbọ́n, àmù yìí mà tóbi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré sínú rẹ̀."

"Lójú tìrẹ ni. Tí ó bá jẹ́ àrọ̀ ni, mi ò ní bá ọ jiyàn, àrọ̀ a máa yọjú gba afẹ́fẹ́. Ẹpìyà kò mọ ìyẹn ṣe. Ohun tó wà nínú omi ló ń mí."

Ìbíyẹmí ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Akínbọ̀dé ṣe ń jáde ni Ṣẹ̀gilọlá ń wọlé, obìnrin tí ògiri ilé wọn jọ kan ara. Ó tẹjú mọ́ inú àmù, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìbíyẹmí ọ̀rẹ́ mi, àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Àwọn yòókù wo?"

"Ẹja ni. Mẹ́sàn-án ló wà nínú àmù tèmi nígbà tí wọ́n wá mú àkọ́bí mi, kò sì sí ẹni tó ń sọ nǹkankan nípa ilé tèmi. Ìwọ tí ẹnu ayé wà lára rẹ, méje lo fẹ́ fi dí i?"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí Ìbíyẹmí lára bí ẹ̀gún ẹja. Ó jókòó ti àmù, ó ń ṣírò. Mẹ́sàn-án? Á dà bí ẹni pé ó ń fara wé Ṣẹ̀gilọlá. Méjìlá? Kò ní ṣeé pín fún ẹni méje. Mẹ́rìnlá, méjì méjì, ìyẹn dára. Ó ti fẹ́ dìde, ló bá tún rántí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tó wà ní ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta ńkọ́? Mọ́kànlélógún! Ta ni yóò rí mọ́kànlélógún ẹja ààyè nínú ilé kan, tí yóò tún ní ikú ló ń gbé ibẹ̀? Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti rìn yí etí ọ̀sà po, ó gba ẹja lọ́wọ́ apẹja yìí, ó gba tọ̀hún, títí iye rẹ̀ fi pé.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ ò bá wò ó! Gbogbo Etídò ló wá wòran. Ẹpìyà ń yí po nínú àmù bí àwọn ọmọge tó ń ṣeré òṣùpá, ìpẹ́ wọn ń kọ mọ̀nà. Ìbíyẹmí ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ti ń yà fún ilé rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta wá ń bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹni fúnra rẹ̀ ń kọrin nídìí ààrò. Ẹ má jẹ́ kí á fi ọjọ́ kan yẹn dù ú, ó ti jìyà tó.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo àwọn ẹja náà gbé ẹnu sókè omi, wọ́n ń ya á, wọ́n ń pa á dé.

"Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń kí wa," Ìbíyẹmí wí. "Ebi ń pa wọ́n." Ó rún ẹ̀kọ tútù sí i fún wọn. Wọn kò jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ rì sí ìsàlẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí rùn díẹ̀díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Akínbọ̀dé yà wọlé. Ó wo inú àmù, ó di orí mú.

"Ta ló kó èyí síbí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Ebi ló ń pa wọ́n."

"Ebi kọ́. Èémí ni wọ́n ń wá. Kó mẹ́rìnlá kúrò nísinsìnyí, kí o dà wọ́n padà sí ọ̀sà."

"Lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti ka mọ́kànlélógún? Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá dé lọ́túnla tí wọ́n ka méje, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní mẹ́rìnlá ti kú. Wọ́n á ní, ‘Ẹ ò rí i? Ẹja gan-an kì í yè nínú ilé yẹn.’"

Akínbọ̀dé bu omi náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá sọ. Ó ní tí kò bá lè dín wọn kù, kí ó máa gbọ́n omi ìsàlẹ̀ dànù, kí ó sì máa pọn tuntun sí i ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, kí ó má fi ẹ̀ẹ̀kan jẹ. Ìyá àti ọmọ pọnmi títí ọrùn wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú. Ẹja yè. Ó ṣẹ́ ku ọjọ́ kan.

Àwọn àna dé, ọkùnrin méje, ọkọ ìyàwó wà nínú wọn. Baba Ọdẹ́jídé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ni olórí wọn, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin.

"Ìyá ìyàwó, a gbọ́ lọ́nà pé ẹ ti gbé ọ̀sà wọlé!"

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, bàbá. Ẹ ó rí i."

Nítorí pé àwọn ẹja ń fò sókè, tí méjì ti bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ìbíyẹmí ti fi aṣọ funfun dé ẹnu àmù, ó so ó pinpin. Wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n ń pàlọ́. Inú ẹ̀rín yẹn, etí Ìbíyẹmí kò kúrò lábẹ́ aṣọ. Ó ń gbọ́ ọ bí àwọn ẹja ṣe ń jà nínú omi.

Ọmọ́yẹni rọra bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀. "Ìyá mi, a ò tíì pọn ti alẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé akèrègbè méjì péré wá."

"Kí wọ́n rí ìyàwó tó ń pọnmi ní ọjọ́ tirẹ̀? Kí wọ́n wá bi mí pé kí ló ṣe omi? Jókòó, ọmọ mi. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́."

Nígbà tí àkùkọ kọ́kọ́ kọ, ìjà inú àmù dínkù. Nígbà tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, kò gbọ́ nǹkankan mọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n ti sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn méje gbé igbá wọn dìde. Ìbíyẹmí tú okùn, ó ká aṣọ.

Ẹja kò sí lábẹ́ omi. Gbogbo wọn ló léfòó, wọ́n dojú ikùn funfun kọ ọ̀run, wọ́n há mọ́ ara wọn débi pé ènìyàn kò rí omi. Ẹyọ kan ṣì ń mira. Akínbọ̀dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní òwúrọ̀ yẹn, gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹja náà ya ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, kò ya á mọ́.

Ṣẹ̀gilọlá tó ń yọjú lórí ògiri ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹja aláìsàn ni! Akínbọ̀dé ló kó ẹja aláìsàn wá!"

Baba Ọdẹ́jídé wo Akínbọ̀dé. Ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́. "Tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ apẹja ló ti wá, ẹjọ́ apẹja nìyẹn, kì í ṣe ti ilé yìí. Àwa lè padà wá ní oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀tẹ́ tó bá wa níbí yìí, kò ṣàdédé bí ara rẹ̀. Ta ni bàbá rẹ̀?"

Akínbọ̀dé tẹríba. Ó mọ̀ pé apẹja tó bá kó ẹja òkú sínú àmù ìyàwó, kò sí ẹni tí yóò bá a wọ ọkọ̀ kan náà mọ́ ní Etídò títí ayé rẹ̀. Síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo Ọmọ́yẹni.

Ìbíyẹmí náà wo ọmọ rẹ̀. Dídákẹ́ péré ló kù, ọmọ á sì rílé ọkọ. Ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹja ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má wo ẹ̀gbọ́n mi. Méje ló kó wá, ó sì kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo sọ ọ́ di mọ́kànlélógún. Àṣejù mi ni bàbá ẹ̀tẹ́ yìí, kò ní bàbá mìíràn."

Arúgbó náà wo inú igbá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Olóòótọ́ ni ọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni n ó rò ó fún ní Ìgbóyè? Igbá òfìfo ni wọn yóò rí."

Wọ́n da omi inú igbá wọn sílẹ̀. Wọ́n tò jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrì sì ń mú ẹsẹ̀ wọn tutù. Ọkọ ìyàwó ló kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Ọmọ́yẹni, wọ́n pè é, ó lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àṣejù ni baba àṣetẹ́.