Obìnrin Tí Wọ́n Pè Ní Ẹ̀rọ

Ìbíwùmí Ọ̀jẹ́labí ni wọ́n ṣẹ̀, ní oṣù Òkúdù ọdún tó kọjá, nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìrágbìjí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ó gboyè jáde ní yunifásítì, ó sì wáṣẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ tán. Nígbà tí kò rí, ó pinnu láti máa jókòó sílé ṣe akọ̀wé fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn: kí ó máa bá a dáhùn lẹ́tà, kí ó máa bá a ṣètò ìpàdé, gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣòro ibẹ̀ kò kéré. Iná á lọ, nẹ́tíwọọ̀kì á tẹ̀ lé e. Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wọn, fi ń lọ ata.

Oníbàárà kan ṣoṣo tó rí ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, tó ń ta kaṣú láti Ìbàdàn fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì nìkan ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ata bú sí i. Ọ̀gá náà ní ariwo ọjà ni ó gbé wá bá èèyàn pàtàkì. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ó ti ohùn rẹ̀ pa, kí ó bo ojú rẹ̀, kí ó yọ orúkọ rẹ̀, kí ó fi “Olùrànlọ́wọ́” síbẹ̀, kí ó sì máa kọ gbogbo ohun tí òun àti àwọn tó ń ra kaṣú bá sọ nípàdé, kí wọ́n máa rí i kà lójú ẹsẹ̀.

Ojú ti Ìbíwùmí nítorí ilé wọn. Ó gbà.

Ìyá Ràfátù gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ìyàwó tuntun ni ọ́ ni, tí o fi ń daṣọ borí?”

“Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ná, mà.”

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ohun tó ń retí kò ju pé kí ẹnìkan béèrè rẹ̀, kí ó gbé iṣẹ́ mìíràn fún un, torí oníbàárà kan kì í ṣe òwò. Ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyáàfin Lámídì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra kaṣú, tó wà ní Kánádà, béèrè nípàdé ẹni tó ń kọ nǹkan dáadáa báyìí, pé òun náà fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Ìbíwùmí fi ìka lé kọ̀ǹpútà, ó ń dúró de orúkọ ara rẹ̀.

“Kì í ṣe ènìyàn,” Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ wí. “Ẹ̀rọ ni. Mo rà á ni.”

Ìbíwùmí ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán kí ó tó yé e. Ìka ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ó wo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ṣí ohùn rẹ̀.

“Ẹ kú ìpàdé, mà. Ènìyàn ni mí. Ìbíwùmí ni orúkọ mi, Ìrágbìjí ni mo wà.”

Ìyáàfin Lámídì rẹ́rìn-ín. “Ayé mà ti dayé òyìnbó o. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, bí ọmọ ènìyàn gan-an.”

Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń pàdé, wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Níbo ni wọn ì bá ti mọ̀ ọ́n?

“Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé ènìyàn ni mí.”

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó mu tíì, ó sì béèrè iye àpò kaṣú tí wọ́n ń fẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà àdúgbò náà fi ń pa á lówe fún gbogbo ọmọ tó bá ra kọ̀ǹpútà pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.