Ìdí Tí Àpáàdì Fi Ń Dúró Lóòró ní Ilẹ̀ Balùwẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun gbogbo ṣì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àpáàdì kò níyì rárá. Bí ìkòkò bá fọ́, orí ààtàn ni wọ́n ń da àfọ́kù rẹ̀ sí, adìẹ a sì máa fẹsẹ̀ tú u kiri.

Àpáàdì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí dùn ju gbogbo wọn lọ. Ìkòkò omi Àwẹ̀ró ni tẹ́lẹ̀ rí, Àwẹ̀ró, ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo agbo ilé. Ogún ọdún ló fi gbé omi fún ìyá yìí. Lọ́jọ́ tó fọ́, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kí i pé ó kú iṣẹ́. Láti orí ààtàn ló ti ń wo ẹ̀yìnkùlé, ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́: kí òun tún padà wọ ilé yẹn kí òun tó di yẹ̀pẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún kan wá dé, ọyẹ́ tó ń la ètè ọmọdé àti àgbà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tutù rinrin. Bí Àwẹ̀ró bá jókòó, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì láti tẹ́ ọmọ lé e, òtútù a gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní òun ò lè mọ́. Bí ilẹ̀ náà ò bá móoru, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa wẹ ọmọ fún wọn.

Ta ni wọ́n fẹ́ rí? Ládèjọ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀mọlé, gbẹ́ ihò gba abẹ́ balùwẹ̀ kọjá, kí wọ́n lè máa ti ẹyinná sí i láti ìta. Ó wá ku ohun tí wọn yóò tẹ́ sórí rẹ̀. Ohun náà gbọ́dọ̀ gba iná lábẹ́, kó gba omi lórí, kó má sì yọ̀ mọ́ ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

Pákó ló kọ́kọ́ yọjú, ó ń yan fanda. Ó ní òun tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ààfin, kí ni ti ilẹ̀ balùwẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n ti ẹyinná sí i. Kí wọ́n tó wí, kí wọ́n tó fọ̀, èéfín ti gba ojú gbogbo wọn. Pákó sá jáde tòun ti ìdí dúdú.

Òkúta Pẹlẹbẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ti wà kí wọ́n tó tẹ ìlú dó. Lóòótọ́, ó gba iná, ó sì móoru. Àmọ́ bí Àwẹ̀ró ṣe da omi tútù lé e báyìí, ó dún gbàù, ó là sí méjì.

Ni Àpáàdì bá pariwo láti orí ààtàn pé kí wọ́n wá gbé òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Pákó ló rín jù, ó ní ẹni tí ò lè gba omi dúró mọ́ tún ń wá iṣẹ́ balùwẹ̀.

Àpáàdì dáhùn pé, “Iná ló bí mi. Omi ni mo sì fi ogún ọdún gbé. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n wá máa sá fún?”

Àwẹ̀ró mọ ohùn náà. Ó ní kí Ládèjọ lọ gbé e wá.

Bí Ládèjọ ti tẹ́ Pákó, bí ó ti tẹ́ Òkúta, bẹ́ẹ̀ náà ló tẹ́ Àpáàdì, ikùn sílẹ̀, ẹ̀yìn sókè. Bí Àwẹ̀ró ṣe fẹsẹ̀ lé e, kà! Ó kán. Ládèjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó kó o padà sórí ààtàn. Ojú ti Àpáàdì, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

Ó ní, “Ìyá, títẹ́ tí wọ́n tẹ́ mi ló kán mi. Ẹ gbé mi dúró lóòró, kí ẹ sì kó àwọn ará mi tó wà lórí ààtàn wá tì mí.”

Ládèjọ ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òun ló ń tutù, kì í ṣe tirẹ̀. Ni Ládèjọ bá lóṣòó, ó to àwọn àpáàdì náà sínú amọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, etí wọn sókè, wọ́n fún mọ́ra wọn pinpin.

Wọ́n ti ẹyinná sí i. Ilẹ̀ móoru. Wọ́n da omi lé e, omi wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, kò yọ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lé e. Ọmọ náà ò ké, oorun ló sùn. Pákó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé, “Àpáàdì ló tó ko iná lójú.”

Àwẹ̀ró fọwọ́ pa ilẹ̀ náà. “Ìkòkò mi, o kú iṣẹ́. O kú iṣẹ́ àná, o sì kú ti òní.”

Inú Àpáàdì dùn dé góńgó.

Láti ọjọ́ náà ni àpáàdì ti ń dúró lóòró nínú ilẹ̀ tí wọ́n bá fi í ṣe, tí kì í dùbúlẹ̀ fún ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá fẹ́ fọn iná lọ́dọ̀ aládùúgbò ti ń mú àpáàdì dání. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ìkòkò bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́ kí ẹ tó gbé e kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ kejì ló ń lọ.