Ìbọn Tí Jagùnnà Ní Ó Kú
Olóyè kì í kùnà nínú igbó. Ìbọn rẹ̀ ló máa ń ṣàìsàn. Ìgalà dúró gbọnrangandan níwájú Jagùnnà Agbẹ̀lẹ́kọ, ọwọ́ Jagùnnà gbọ̀n títí ìgalà fi bá tirẹ̀ lọ, ó bá gbé ṣakabùlà rẹ̀ wọ àgbẹ̀dẹ Ògúnrìndé tó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Òkú ìbọn lo gbé fún mi," ló wí. "Fi hàn mí nísinsìnyí pé ó yè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá kó ẹwìrì rẹ jù sódò. Má sì yin ín o! O mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí ìbọn dún láàárín ìlú, àfi bí ìjòyè bá kú." Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó yẹ irin tó ń ṣáná wò, ó fi wáyà tín-ín-rín gún ihò iná, kò rí àìsàn kankan. Ó wá rọra ki ẹ̀tù tuntun sí i. "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú yín sẹ́nu ìbọn, kí n fà á. Bó bá kú lóòótọ́, kò ní dún, kí ẹ kó ẹwìrì lọ." Jagùnnà fẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn. "Bó bá wá dún ńkọ́?" "Kò séèwọ̀ níbẹ̀, Olóyè. Ìjòyè ti kú nìyẹn." Jagùnnà wo ẹnu ìbọn, ó wo ẹwìrì, ó gba ìbọn rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó kọrí sílé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó yíjú padà. "Ìbọn yè," ló wí. "Ìgalà yẹn ni ara rẹ̀ ò yá."