Ẹlẹ́rìí Kànga Ìdó-Àpáta

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi wáyà yí kànga Ìdó-Àpáta ká, ó ní òyìnbó nìkan ni yóò máa pọn omi ibẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé pè é lẹ́jọ́, Ajẹ́lẹ̀ kan náà ló sì jókòó ṣe adájọ́. Ó ní òun kò gba ẹ̀rí aláwọ̀ dúdú, àfi kí Ìyá mú òyìnbó tó mọ̀ pé ìlú ló ni kànga wá. Ìyá bi í pé, "Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀lú, kí la fi kí yín káàbọ̀?" "Omi tútù." "Níbo la ti pọn ọ́n?" "Nínú kànga yẹn." "Ta lẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" "Ẹ̀yin ará ìlú." Ìyá yíjú sí akọ̀wé kóòtù: "Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀, òyìnbó ti jẹ́rìí." Ọjọ́ náà ni wọ́n tú wáyà. Títí Ìyá fi kú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kànga láàárọ̀, ilé Ìyá ló ń gbé omi àkọ́pọn lọ.