Orin Gìtá Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Kò Ní Ìparí

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé gìtá Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀la ni ìkómọ ọmọ rẹ̀, orin tó fẹ́ fi kí ọmọ káàbọ̀ kò sì tíì ní ìparí. Ó fi gìtá ta á fún Ìgbín gbọ́.

Ìgbín ní, "Ọ̀rẹ́, o ti yára jù."

Ó rọra ta á fún Ehoro.

Ehoro ní, "Ṣé o ń sùn ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré ta á, okùn gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ já!

Ó ta á fún Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Bí gìtá ṣe dákẹ́, ìyá ké: "Kọ̀ọ̀, kọ̀!" Ó ní, "Má bínú, ẹnu ló ń yún mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè: "Ìparí kọ́ ló kù, ègbè ni!"

Lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo ẹranko gbè é, ọmọ tuntun ń ju ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó yá, ẹ gbè é!

"Kọ̀ọ̀, kọ̀!"