Wágọ̀nù Kékeré Tí Òrùlé Rẹ̀ Tẹ̀ Lẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ni ó ń ṣe. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe ọkọ̀ tó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí imú rẹ̀ á ti wọ ọgbà tán kí ìdí rẹ̀ tó kúrò ní títì. Ọkùnrin yìí kò ní agbára tiwọn. Ó ṣe wágọ̀nù kékeré kan tó gba ọkọ, ìyàwó, ọmọ àti ẹrù, tí kì í sì í mu epo púpọ̀.

Nígbà tó kan òrùlé, owó tán. Kò ní irin tí wọn ó fi tẹ òrùlé tuntun. Ló bá mú òrùlé ọkọ̀ mìíràn tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó fi bo iwájú, ó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó gbé káríà lé ibi tó tẹ̀ náà kí ojú má bàa rí i. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ńlá fi í rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ta ni yóò ra ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wó.

Àwọn èèyàn rà á. Àwọn ìyá ọlọ́mọ fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé káríà náà kò ga, ọwọ́ wọn ń tó ẹrù láìgun àpótí. Nígbà tí nǹkan wá le koko fún aráàlú, òun ni wọ́n ń wá kiri. Gbogbo àdúgbò ilé-iṣẹ́ ọkùnrin náà ló ń jẹun nídìí rẹ̀.

Bí owó ṣe dé ọwọ́ ọkùnrin yìí tán, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í pé kékeré ni ọkọ̀ tó sọ ọ́ di èèyàn. Ó fà á gùn. Ó tẹ́ òrùlé rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó kó irin dídán sí i lára títí ó fi wúwo, tó sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ọkọ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, eruku ń bò ó.

Lọ́jọ́ kan ó rí obìnrin kan tó ti ra wágọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ òfo. Ó bi í pé kí ló dé.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ ńlá ni mo fẹ́, ṣé mi ò mọ ilé àwọn tó ń ṣe é ni? Kékeré ni mo wá rà lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ti ná gbogbo ohun tó ní sórí ńlá. Nígbà tó yá, wọ́n ti géètì ilé-iṣẹ́ náà pa. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé oúnjẹ ọ̀sán wọn padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tiwọn ló ká mi lára jù.

Àjàdí, má rẹ́rìn-ín, ìwọ ni mò ń bá wí. Bẹ́ǹṣì ilé-ìwé tí o ń kàn ni gbogbo agbègbè yìí fi mọ̀ ọ́. Nítorí pé káfíńtà òdìkejì ń ṣe àga onítìmùtìmù fún àwọn olówó, o fẹ́ di òun. Ìyá tó jẹ́ olórí ilé-ìwé wá bá ọ lánàá, o ní o ò kan bẹ́ǹṣì mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé lórí orúnkún.

Géètì tìrẹ kò tíì tì. Igi wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ ò sì gbàgbé nǹkan kan. Ó dá mi lójú pé wàá jẹun nídìí bẹ́ǹṣì. Dìde báyìí, lọ bá ìyá náà kó tó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, kí o sì bi í pé ọmọ mélòó ló ṣì jókòó sílẹ̀.