Orí Mi Ò Gbà Á

Ọkùnrin kan wà tí túúlu ń bá jà láti kékeré. O mọ túúlu. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí lásán tí ènìyàn máa lo oògùn sí, tí yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ni túúlu máa ń mú. Yóò máa lù níbẹ̀ gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán. Ojú kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, etí kò ní fẹ́ gbọ́ ariwo, òórùn dáadáa pàápàá yóò máa rin ènìyàn lọ́kàn. Ẹni tí kò bá ṣe rí yóò rò pé ìmẹ́lẹ́ ni, tàbí pé inú ló ń bí aláìsàn náà. Fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a óò padà síbẹ̀.

Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìlàjẹ ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí ilé ń dúró lórí òpó láàárín omi. Ìyàwó rẹ̀ náà ń kọ́ni níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ìlú, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n máa ń wọ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko. Oòrùn á máa tàn yanran lórí omi, èéfín ẹ́ńjìnnì á máa fẹ́ bá wọn lójú. Ibẹ̀ ni túúlu ti máa ń bá a jùlọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà á kàn sọ pé, “Àmọ̀kẹ́, ó ti dé o.” Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ̀kẹ́ ni oríkì ìyàwó rẹ̀. Yóò tú gèlè orí ara rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ bọ omi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò fún un, yóò sì dì í mọ́ orí ọkọ rẹ̀ títí tí yóò fi bo ojú. Lẹ́yìn náà yóò gbé orí ọ̀hún lé itan. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń gúnlẹ̀ sí ìlú, ìyàwó láìní gèlè, ọkọ pẹ̀lú gèlè. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan tó máa ń gbé ẹja yíyan lọ sí ọjà sọ lọ́jọ́ kan pé, “Tíṣà, gèlè yìí mà yẹ yín ju ìyàwó yín lọ.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn lábẹ́ aṣọ tútù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín máa ń dun orí tí túúlu bá wà níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ìgbà yẹn. Kò sí iná mànàmáná, kò sí dókítà nítòsí, yàrá wọn kò sì gbà ju ẹní kan àti àpótí ìwé lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti dórí rẹ̀, ohùn wọn a rọ̀. Ọkùnrin náà ní títí dòní òun ṣì ń gbọ́ òórùn gèlè náà nímú, omi iyọ̀ àti èéfín ẹja, àti ti ara ìyàwó òun lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n kúrò lórí omi, wọ́n bímọ mẹ́ta, ọkùnrin náà di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún kan, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni túúlu dé. Ìyàwó kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù títí ilẹ̀ fi ta sí ọ̀sán, kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò ìgbéyàwó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ rí i tó dúró lójú fèrèsé, tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sún mọ́ wọn bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ọkàn ọkọ sọ fún un pé ojú ara rẹ̀ ló ń wá, níbi tí kò sí. Ó ní orí òun ti ba ọjọ́ kan jẹ́ fún obìnrin yìí, kò ní ba òmíràn jẹ́ mọ́.

Láti ìgbà náà ni kò ti sọ pé, “Ó ti dé o,” mọ́. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, yóò ní àlàáfíà ni. Ó lọ ń gba oògùn lọ́dọ̀ dókítà, ó sì ń tọ́jú oògùn náà sínú ìbọ̀sẹ̀ kan tó ti ya, ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Bí túúlu bá bẹ̀rẹ̀, yóò ní òun ní ìwé àwọn ọmọ láti máàkì, yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ogún ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rò pé àìsàn náà ti lọ. Ó tilẹ̀ dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo túúlu ọkọ òun sàn. Ìjọ kígbe halelúyà. Ọkọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bá wọn ṣe àmín.

Nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ogójì ọdún, àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń gbafẹ́ láti erékùṣù dé erékùṣù. Ọjọ́ méje ni ìrìn náà. Ọkọ̀ yìí ga bí ilé alájà mẹ́wàá. Ilé oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà lókè, ilé ìwòsàn wà ní ìsàlẹ̀. Ìyàwó yọ̀ sí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ló ń retí nínú méje. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá ọkọ̀ yóò bá àwọn tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn ti pẹ́ jẹun. Wọn yóò pe orúkọ wọn, wọn yóò sì ya fọ́tò wọn. Ó ti gbé léèsì àti gèlè fún ọjọ́ náà wá láti ilé.

Ohun kan wà tí ìyàwó kò mọ̀. Nígbà tó ń di ẹrù ọkọ rẹ̀, ó ti rí ìbọ̀sẹ̀ yíya náà. Ó ní ọkùnrin tó fẹ́ lọ bá òyìnbó jẹun kò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ dání. Kò wo inú rẹ̀. Ó ká a mọ́ àwọn àkísà mìíràn, ó sọ ọ́ nù.

Ọjọ́ kejì lórí òkun ni túúlu dé. Oòrùn ń tàn lórí omi bíi ti Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n ìlù orin tún wà lókè ọkọ̀ láti àárọ̀, ọ̀nà tóóró tó lọ sí yàrá wọn sì kún fún òórùn lọ́fínńdà àwọn arìnrìn-àjò. Ọkùnrin náà tú àpótí rẹ̀, ó wá ìbọ̀sẹ̀ títí. Nígbà tí kò rí i, ó yé e pé wọ́n ti sọ ọ́ nù. Ta ni yóò bi? Ó fa kọ́tìnnì, ó dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó máa lọ wo òkun, oorun ló ń kun òun.

Báyìí ni ọjọ́ kejì lọ, ọjọ́ kẹta sì lọ. Bí ìyàwó bá wọlé, yóò bá a tó kọjú sí ògiri. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ yóò dáhùn pẹ̀lú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó fi lọ́fínńdà tí ọmọ wọn rà fún un sára, ọkọ ní kó jọ̀ọ́, kó lọ fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyàwó jẹun pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò yòókù, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń purọ́ pé ọkọ òun fẹ́ràn oorun. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó wọ léèsì rẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì wá fi hàn án. Ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lè rí i dáadáa. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ òkun ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ dìde, wọ́n máa tó pe orúkọ wa.”

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní, “Orí mi ò gbà á.”

Dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wo gbólóhùn náà dáadáa. Lẹ́nu ọkọ, orí tí a ń dé fìlà sí ló ń sọ, pé kò lè gba ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni ìwọ náà. Bí ẹnìkan bá na nǹkan sí ọ, tí o wò ó, tí o ní orí mi ò gbà á, kí ni o sọ? O sọ pé ẹlẹ́dàá rẹ kọ̀ ọ́, pé kì í ṣe ìpín rẹ. Ohun tí ìyàwó yìí gbọ́ nìyẹn. Ogójì ọdún ló nà sí ọkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ pé orí rẹ̀ kò gbà á.

Ó fa kọ́tìnnì padà, ó jáde. Ó rí àga kan lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó jókòó síbẹ̀ nínú léèsì rẹ̀. Ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan lọ́jọ́ karùn-ún, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ti ibẹ̀ gbéra. Ó pinnu pé òun yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, òun yóò sì pe Ìbídùn, ọmọ wọn àgbà, pé kó wá ọ̀nà tí òun yóò fi lọ sílé. Ó dìde láti lọ di ẹrù rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ló ti pàdé obìnrin tó máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, àjèjì kan tí òun náà ti dàgbà díẹ̀. Ó gbé abọ́ omi dídì lọ́wọ́. Ó kí i, ó sì bi í bóyá orí bàbá ti fúyẹ́ lónìí. Ìyàwó ní orí wo? Obìnrin náà ní orí tó ń dùn ún láti ọjọ́ kejì, tó fi jẹ́ pé lójoojúmọ́ ló ń bẹ òun fún omi dídì. Ó ní òun ti sọ fún un pé kó lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bàbá ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ìyàwó gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá Ìbídùn,” ló wí, “orí wo ni kò gbà á?”

Ọkùnrin náà fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì orí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láyé ọjọ́un. Ó ní, “Èyí ni. Àmọ̀kẹ́, ó ti dé o.”

Ìyàwó ní, “Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ̀. Èmi ò mọ̀. Mo sì ti jẹ́rìí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ọkùnrin náà wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìbọ̀sẹ̀, ìwé tí kò máàkì, àti ọjọ́ tó rí i lójú fèrèsé tó ń wá ojú ara rẹ̀ nínú fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ìyàwó wò ó nínú òkùnkùn.

“Ojú mi kẹ̀? Gèlè ni mò ń wò. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe wé ti àbúrò mi.”

Ogún ọdún, nítorí gèlè. Ìyàwó ní, “Àmọ̀kẹ́ lẹ ń pè mí. Bí n kò bá mọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ kẹ́?”

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tú gèlè tó fi ìdajì wákàtí wé. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi dídì, ó fún un, ó sì dì í mọ́ orí ọkọ rẹ̀. Gèlè náà le ju ti ayé ọjọ́un lọ, kò sì ní òórùn ẹja. Ó gbé orí náà lé itan, lórí léèsì tuntun. Bí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tọkọtaya. Nígbà tó kan tiwọn, òyìnbó náà lọ́ orúkọ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ orúkọ ẹnikẹ́ni láyé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tútù náà, ẹ̀rín ọ̀hún sì dun orí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọkọ̀, nọ́ọ̀sì sì fún un ní oògùn. Ìyàwó kò sọ̀ kalẹ̀ ní erékùṣù mọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n mú bọ̀ nínú ìrìn náà, obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì yà á fún wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn títí dòní, ìyàwó láìní gèlè, ọkọ pẹ̀lú gèlè. Bí àlejò bá béèrè, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ wo ara wọn.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. O ní ìyàwó rẹ kò bìkítà fún ọ mọ́. O tún sọ fún mi, bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan, pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí dókítà ti sọ pé ojú rẹ ń ṣú, àti pé o kò tíì sọ nílé kí ó má bàa dààmú. Nígbà tí ìyàwó rẹ na àwo oúnjẹ sí ọ tí o kò gbà á, o kò rí i ni. Ṣé o mọ ohun tí òun rí? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nígbà kan mo rò pé ìyà nìkan ni wọ́n ń sọ. Mo ti wá rí i pé ẹni tó fẹ́ kẹ́ni náà a máa bá a dákẹ́, nítorí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé.

Má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ ńlá. Padà sílé nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì mọ́, jókòó tì í, pè é ní orúkọ tí o máa ń pè é nígbà tí ẹ ṣì wà ní yàrá kan, kí o sì sọ fún un pé ó ti dé.